Ilẹ̀ tí wọ́n gbà padà: ọ̀rọ̀ lórí àwọn ìwé pẹlẹbẹ ẹ̀yìn Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ kú iṣẹ́ ìròyìn. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ó mú mi kọ lẹ́tà yìí, nínú àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde láìpẹ́ yìí lórí ìtàn àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà. Ẹni tí ó kọ ọ́ sọ pé nígbà tí ogun abẹ́lé orílẹ̀-èdè náà parí ní 1865, ìjọba fún àwọn tí wọ́n jẹ́ ẹrú ní òmìnira, ó fún wọn ní ilẹ̀, ó sì dá báǹkì sílẹ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ọ̀lẹ ni wọ́n, wọ́n fọwọ́ ara wọn ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, ìdí sì nìyẹn tí òṣì fi bá ìran wọn gbélé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka gbólóhùn náà, ó sì dùn mí wọra. N kò rò pé òǹkọ̀wé yín ní èrò ibi lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni ó ń tún sọ, ọ̀rọ̀ tí a lè tọ́ka sí ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá: inú àwọn ìwé pẹlẹbẹ olóṣèlú tí wọ́n tẹ̀ káàkiri Amẹ́ríkà láti ìgbà ogun náà títí di ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń ka àwọn ìwé wọ̀nyí, ti ọ̀rẹ́ àti ti ọ̀tá, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fún mi láàyè kí n sọ ohun tí mo rí nínú wọn, nítorí àwọn ìwé náà fúnra wọn ni wọ́n tako gbólóhùn yẹn.

Ìwé tí kò nípọn ni wọ́n. Òmíràn kò ju ojú ewé mẹ́rìndínlógún lọ, òmíràn sì lè tó ọgọ́rin. Wọ́n ń tà wọ́n ní sẹ́ǹtì díẹ̀, wọ́n sì ń pín ọ̀pọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà ìbò. Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù, níbi tí oko ẹrú ti gbilẹ̀, ti ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́ ẹrú ní ìwé kíkà, nítorí náà etí ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ fi gba ohun tí ó wà nínú wọn. Ní 1867, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú Republican, ẹgbẹ́ Ààrẹ Lincoln tí ó ṣíwájú ogun náà, tẹ ọ̀kan tí wọ́n kọ ní ìfọ̀rọ̀wérọ̀: adúláwọ̀ kan ń béèrè ọ̀rọ̀, òyìnbó ọmọ ẹgbẹ́ náà kan sì ń dá a lóhùn, kí ẹni tí ó mọ̀wé lè kà á sókè fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n kà nínú ìpàdé. Bí mo bá ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀, ó máa ń dà bí ẹni pé mo ń gbọ́ ohùn àwọn tí wọ́n péjọ síbẹ̀, tí wọ́n fẹ́ mọ ohun tí òmìnira wọn jẹ́ gan-an.

Ní ti ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìlú Savannah ní ìpínlẹ̀ Georgia, ní ọjọ́ kejìlá oṣù kìíní 1865. Ogun kò tíì parí. Ọ̀gágun William Sherman àti Edwin Stanton, mínísítà tí ọ̀rọ̀ ogun wà níkàáwọ́ rẹ̀, pe ogún olórí ìjọ adúláwọ̀ jọ, wọ́n sì bi wọ́n ní ohun tí àwọn ènìyàn wọn ń fẹ́. Garrison Frazier ni wọ́n yàn láti sọ̀rọ̀, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ìjọ Onítẹ̀bọmi, ẹni ọdún 67, tí ó ti fi 1,000 dọ́là ní wúrà àti fàdákà ra ara rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀ kúrò lóko ẹrú. Wọ́n kọ gbogbo ìbéèrè àti ìdáhùn sílẹ̀, ìwé ìròyìn kan ní New York sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní oṣù kejì ọdún náà. Nígbà tí wọ́n bi í pé kí ni oko ẹrú, Frazier kò mẹ́nu kan àwọ̀, kò mẹ́nu kan ẹ̀jẹ̀ tàbí ìran. Ó ní oko ẹrú ni kí ènìyàn fi agbára tí a kò lè kọ̀ gba iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn láìjẹ́ pé ẹni náà gbà. Wọ́n bi í bí àwọn ènìyàn rẹ̀ yóò ṣe tọ́jú ara wọn. Ó ní ọ̀nà tí ó dára jù ni kí àwọn ní ilẹ̀, kí àwọn kọ ọ́, kí àwọn sì máa fi iṣẹ́ ọwọ́ ara àwọn ro ó. Olóòtú, mo ti ka ọ̀pọ̀ ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ ajé oko ẹrú, n kò sì tíì rí èyí tí ó sọ ọ́ ní kúkúrú, tí ó sì ṣe kedere, ju ti bàbá arúgbó yìí lọ.

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà ni Sherman pàṣẹ tí gbogbo ayé mọ̀. Ó ya àwọn erékùṣù etí òkun sọ́tọ̀ láti Charleston lọ sí ìhà gúúsù, pẹ̀lú àwọn oko ìrẹsì tí àwọn olówó ẹrú ti sá fi sílẹ̀ lẹ́bàá odò títí dé ọgbọ̀n máìlì sínú ilẹ̀, ó sì ní kí wọ́n pín in fún àwọn tí a dá sílẹ̀, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan má gbà ju ogójì éékà lọ. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹfà, nǹkan bí 40,000 ènìyàn ti tẹ̀dó sórí nǹkan bí 400,000 éékà. Wọ́n kọlé, wọ́n gbin àgbàdo àti ọ̀dùnkún, wọ́n kọ́ ilé ìwé. Bí òǹkọ̀wé yín bá dánu dúró síbí yìí, a lè gbà fún un pé wọ́n fún wọn nílẹ̀.

Àmọ́ ìtàn náà kò dúró síbí yìí. Wọ́n yìnbọn pa Ààrẹ Lincoln ní oṣù kẹrin, Andrew Johnson sì gorí àga. Láàárín oṣù díẹ̀, Johnson dárí ji àwọn tí wọ́n bá ìjọba jagun, ó sì ní kí wọ́n dá ilẹ̀ wọn padà fún wọn. Ọ̀gágun Oliver Otis Howard ni ó bọ́ sí lọ́rùn láti lọ sọ fún àwọn ènìyàn erékùṣù Edisto ní South Carolina, ní oṣù kẹwàá 1865, pé wọ́n gbọ́dọ̀ fi ilẹ̀ náà sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ wọn ni Howard, ó sì ti pàdánù apá rẹ̀ kan sójú ogun tí ó sọ wọ́n di òmìnira, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n rán an nìyẹn. Inú ilé ìjọsìn ni ó ti bá wọn sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ìgbìmọ̀ tí wọ́n yàn láàárín ara wọn kọ̀wé sí i, wọ́n sì kọ sí Ààrẹ pẹ̀lú. Nínú èyí tí wọ́n kọ sí Howard, wọ́n ní ó ń bẹ àwọn pé kí àwọn dárí ji àwọn onílẹ̀ erékùṣù náà; wọ́n ní ó lè ṣeé ṣe fún òun tí apá kan ṣoṣo bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ogun; ṣùgbọ́n ẹni tí ó so èmi mọ́ igi, tí ó nà mí ní ẹgba mọ́kàndínlógójì, tí ó bọ́ ìyá mi àti arábìnrin mi síhòòhò tí ó sì nà wọ́n, tí kò sì ní jẹ́ kí n gbé inú ahéré rẹ̀ tí ó ṣófo àfi bí mo bá gbin oko rẹ̀, kí n sì gba iye owó tí ó bá wù ú, tí ó tún ń bá àwọn yòókù dìmọ̀lù kí n má baà rí ilẹ̀ gbà, ẹni yẹn ni èmi kò lè fi tọkàntọkàn dárí jì. Ẹ wo bí ẹgba àti owó iṣẹ́ ṣe wà nínú gbólóhùn kan náà. Àwọn tí wọ́n kọ ọ́ kò ya ìyà tí wọ́n fi jẹ wọ́n nítorí àwọ̀ wọn sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ tí wọ́n fi ipá gbà lọ́wọ́ wọn. Ilẹ̀ náà bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ogójì éékà nìyẹn, Olóòtú, kò sí ọ̀lẹ nínú rẹ̀ rárá.

Ìjọba kan náà mọ bí a ṣe ń san owó fún ẹni tí ó pàdánù. Ní oṣù kẹrin 1862, nígbà tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin dá àwọn ẹrú tí ó wà ní Washington, olú-ìlú, sílẹ̀, òfin náà ní kí wọ́n san owó tí ó lè tó 300 dọ́là lórí ẹrú kọ̀ọ̀kan. Olówó ẹrú ni wọ́n san án fún. Ẹni tí ó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ láìgba owó kò rí nǹkan kan gbà, àfi bí ó bá gbà láti kó kúrò ní Amẹ́ríkà pátápátá. Nígbà náà ni wọ́n lè fún un ní 100 dọ́là.

Àwọn kan wà láàárín àwọn òyìnbó tí wọ́n rí i pé kò lè rí bẹ́ẹ̀ kó dára. Thaddeus Stevens, aṣòfin láti Pennsylvania, sọ̀rọ̀ ní ìlú Lancaster ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹsàn-án 1865, wọ́n sì tẹ ọ̀rọ̀ náà ní ìwé pẹlẹbẹ. Ìṣirò ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó ní nǹkan bí 70,000 ènìyàn péré, tí ilẹ̀ oníkálukú wọn ju igba éékà lọ, ni wọ́n ni mílíọ̀nù 394 éékà nínú ilẹ̀ àwọn tí wọ́n ṣọ̀tẹ̀. Ó ní kí ìjọba gba èyí, kí ó fún àgbàlagbà ọkùnrin kọ̀ọ̀kan tí a dá sílẹ̀ ní ogójì éékà. Bí wọ́n bá tó mílíọ̀nù kan, mílíọ̀nù 40 éékà péré ni yóò gbà. Kí wọ́n wá ta mílíọ̀nù 354 tí ó kù, kí wọ́n fi owó rẹ̀ san gbèsè ogun, kí wọ́n sì fi ṣe ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun. Mo ti ka ìṣirò yìí lọ síwá sẹ́yìn. Kò sí ibi tí Stevens ti tọrọ àánú. Ohun tí ó ń sọ ni pé òfin ìbò kò ní lágbára níbi tí ilẹ̀ bá ti wà lọ́wọ́ ìwọ̀nba ènìyàn. Àwọn aṣòfin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbà fún un. Nígbà tí ó kú ní 1868, ibi ìsìnkú tí kò ya òkú àwọ̀ kan sọ́tọ̀ fún òmíràn ni ó ti yàn pé kí wọ́n sin òun sí.

N kò fẹ́ kí àwọn òǹkàwé yín rò pé gbogbo ẹni tí ó pe ara rẹ̀ ní ọ̀rẹ́ ni ó rò bíi ti Stevens. Ní 1861, Edward Atkinson, oníléeṣẹ́ òwú ní Boston, tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan tí ó fi ń ṣàlàyé pé òwú tí ẹni òmìnira gbìn yóò dínwó ju èyí tí ẹrú gbìn lọ. Ọ̀tá oko ẹrú ni Atkinson, mo sì bọ̀wọ̀ fún un fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà: òwú ni wọ́n ń wá. Nígbà tí àwọn ènìyàn erékùṣù South Carolina bọ́ lọ́wọ́ àwọn olówó wọn, àgbàdo àti ọ̀dùnkún tí wọ́n lè jẹ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fẹ́ gbìn, nítorí pé òwú ni iṣẹ́ tí wọ́n fi ń nà wọ́n lẹ́gba. Àwọn alábòójútó tí ó wá láti Àríwá rí i, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé iṣẹ́ kò yá wọn lára. Níbí yìí gan-an ni mo ti rí gbòǹgbò ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ tí òǹkọ̀wé yín tún sọ. Ẹni tí ó bá oúnjẹ ọmọ rẹ̀ lọ, tí ó pa òwú ẹlòmíràn tì, òun ni wọ́n pè ní ọ̀lẹ.

Ní ti àwọn ìwé pẹlẹbẹ ìkórìíra, ó nira fún mi láti kọ nípa wọn, ṣùgbọ́n a kò lè fò wọ́n dá. Ní ìparí 1863, ọ̀kan tí kò ní orúkọ òǹkọ̀wé jáde ní New York, ojú ewé 72, tí ó ń gba àwọn ènìyàn níyànjú pé kí òyìnbó àti adúláwọ̀ máa fẹ́ ara wọn. Ẹ̀tàn ni. Àwọn akọ̀ròyìn méjì, David Goodman Croly àti George Wakeman, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún ìwé ìròyìn tí ó lòdì sí Lincoln, ni wọ́n kọ ọ́, kí àwọn olùdìbò lè rò pé ohun tí ẹgbẹ́ Lincoln ń fẹ́ nìyẹn, kí wọ́n sì bẹ̀rù. Ọ̀rọ̀ tuntun tí wọ́n fi èdè Látìn dá fún ìdàpọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni àwọn òfin ìgbéyàwó Amẹ́ríkà ń lò fún ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà. Irọ́ tí a pa nítorí ìbò kan di orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n fi ń sọ ènìyàn sẹ́wọ̀n.

Ní 1867 ẹlòmíràn tún jáde ní Cincinnati. Buckner Payne ni ó kọ ọ́, tí ó pe ara rẹ̀ ní Ariel. Ó fi Bíbélì gbè é lẹ́sẹ̀ pé adúláwọ̀ kò ti ara Ádámù wá, pé kò ní ọkàn, pé ara àwọn ẹranko inú ọkọ̀ Nóà ni. Àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run ní Gúúsù pàápàá kọ̀wé láti ta kò ó. Kí ló dé tí ó fi jẹ́ ọdún 1867? Nítorí pé oṣù kẹta ọdún náà ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ṣòfin tí ó fún àwọn ọkùnrin adúláwọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti dìbò ní ìpínlẹ̀ mẹ́wàá ní Gúúsù. Ẹni tí ó bá lè dìbò lè yan ẹni tí yóò ṣòfin lórí owó iṣẹ́, lórí owó orí, lórí ilẹ̀. Mo ti to àwọn ìwé ìkórìíra wọ̀nyí ní tẹ̀léǹtẹ̀lé gẹ́gẹ́ bí ọdún tí wọ́n tẹ̀ wọ́n, mo sì rí i pé àkókò tí nǹkan fẹ́ bọ́ sọ́wọ́ adúláwọ̀ ni wọ́n máa ń pọ̀ sí i. Ọdún kan náà ni Hinton Rowan Helper tẹ ìwé tí ó fi ní kí wọ́n lé gbogbo adúláwọ̀ kúrò ní Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ Helper yìí kan náà ni ó ti kọ ìwé ní 1857 pé oko ẹrú ń sọ òyìnbó tí kò ní ẹrú di òtòṣì. Ó mọ ohun tí oko ẹrú ń fà, ó sì kórìíra àwọn tí oko ẹrú jẹ níyà jù.

Òfin ìpínlẹ̀ tẹ̀lé ìwé, ìwé sì tẹ̀lé òfin. Ní oṣù kọkànlá 1865, ìpínlẹ̀ Mississippi ṣòfin pé ẹni tí a dá sílẹ̀ kò gbọdọ̀ gba ilẹ̀ háyà lẹ́yìn odi ìlú, àti pé ní oṣù kìíní ọdọọdún ó gbọ́dọ̀ ní ìwé tí yóò fi hàn pé ó níṣẹ́ lọ́wọ́. Bí kò bá ní, wọn yóò bu owó ìtánràn lé e, bí kò bá sì rí i san, wọn yóò fi iṣẹ́ rẹ̀ háyà fún ẹni tí ó bá san án. Àwọn òfin wọ̀nyẹn kò pẹ́ títí, ṣùgbọ́n gbèsè gba ipò wọn. Onílẹ̀ yóò fún ìdílé kan ní oko, wọn yóò pín ìkórè, oníṣọ́ọ̀bù yóò sì ta irúgbìn àti oúnjẹ fún wọn láwìn pẹ̀lú èlé tí ó ga, yóò fi òwú tí wọn kò tíì kó ṣe ìdógò. Àwa Yorùbá mọ ohun tí ìwọ̀fà jẹ́: iṣẹ́ tí ó ń ṣe ni èlé, owó tí wọ́n yá kì í dín. Ṣùgbọ́n ìwọ̀fà mọ iye tí wọ́n yá, ó sì mọ̀ pé ọjọ́ tí wọ́n bá san án òun yóò máa lọ sílé. Ẹni tí ó wà lóko òwú Mississippi kò rí ìwé ìṣirò náà, ẹni tí ó sì ń kọ ọ́ ni ó ń ra òwú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ báǹkì tí òǹkọ̀wé yín mẹ́nu kàn nìyí. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹta 1865 ni wọ́n fọwọ́ sí òfin tí ó dá a sílẹ̀. Àwọn aṣojú rẹ̀ ń lọ káàkiri, ọ̀pọ̀ sì gbàgbọ́ pé ìjọba ni ó dúró fún owó wọn, bẹ́ẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Alágbàfọ̀, alágbẹ̀dẹ, ọmọ ogun tí ó fẹ̀yìn tì, àwọn ni wọ́n ń kó sẹ́ǹtì wọn wá. Àwọn òyìnbó olùdarí mú owó náà, wọ́n yá a fún àwọn oníṣòwò, kódà fún iléeṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n ọ̀kan nínú wọn ni. Lẹ́yìn tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ ní 1873, wọ́n fi Frederick Douglass, adúláwọ̀ olókìkí tí ó ti jẹ́ ẹrú rí, jẹ ààrẹ báǹkì náà. Ó fi 10,000 dọ́là tirẹ̀ sí i kí ó tó mọ bí ihò náà ṣe jìn tó. Ní oṣù kẹfà 1874, ilẹ̀kùn tì. Ó ju 61,000 ènìyàn lọ tí owó wọn há síbẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là. Èwo ni àwọn tí wọ́n fi owó pamọ́ bàjẹ́ nínú ìyẹn?

Ìwé pẹlẹbẹ tí ó kan mi lára jù lọ ni èyí tí Ida B. Wells, akọ̀ròyìn adúláwọ̀ láti ìlú Memphis, tẹ̀ ní New York ní 1892, tí àwọn obìnrin adúláwọ̀ ìlú náà dá owó rẹ̀ jọ. Ní ìlú Memphis, àwọn adúláwọ̀ kan dá ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ sílẹ̀ ní àdúgbò tí òyìnbó kan nìkan ti ń tajà tẹ́lẹ̀. Àwọn oníbàárà yà sọ́dọ̀ wọn. Ìjà bẹ́ sílẹ̀, wọ́n ti Thomas Moss, Calvin McDowell àti Will Stewart mọ́lé, ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta, àwọn èrò kó wọn jáde kúrò nínú ẹ̀wọ̀n lóru, wọ́n sì yìnbọn pa wọ́n láìgba ẹjọ́. Ọ̀rẹ́ Wells ni Moss, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì jẹ́ ọmọ ìrìbọmi fún Wells. Ṣáájú ìgbà yẹn, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn, Wells rò pé ìwà ìfipábánilòpọ̀ ni ó ń fa irú ìpànìyàn bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tí àwọn ìwé ìròyìn Gúúsù ń kọ ni. Ikú Moss là á lójú pé ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù lásán. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣèwádìí ìpànìyàn kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìwé ìròyìn àwọn òyìnbó fúnra wọn ṣe ẹ̀rí. Nígbà tí ó kọ ohun tí ó rí, wọ́n ba iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé rẹ̀ jẹ́, kò sì lè padà sí Memphis mọ́. Ọ̀pọ̀ adúláwọ̀ ti kó kúrò nílùú náà lọ sí ìwọ̀-oòrùn, àwọn tí ó kù kò wọ ọkọ̀ ìgboro mọ́, owó àwọn oníṣòwò òyìnbó sì ń lọ sílẹ̀. Wells wá kọ ọ́ sínú ìwé pẹlẹbẹ rẹ̀ pé kíké sí àpò òyìnbó ti máa ń ṣiṣẹ́ ju gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí a ti fi ké sí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ lọ. N kò mọ iye ìgbà tí mo ti ka gbólóhùn yẹn, tí ọkàn mi sì ń bà jẹ́ pé òun ni ó tọ̀nà.

Mo gbọ́dọ̀ mẹ́nu kan ìwé kan tí òyìnbó Omaha kan, Walter Vaughan, tẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1890, tí ó fi ń bẹ ìjọba kí ó máa san owó ìfẹ̀yìntì fún àwọn tí wọ́n ti jẹ́ ẹrú: ẹni tí ó ti pé àádọ́rin ọdún yóò gba 500 dọ́là lẹ́ẹ̀kan, àti 15 dọ́là lóṣooṣù. Èrò Vaughan ni pé owó náà yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò Gúúsù, ọrọ̀ ajé ibẹ̀ yóò sì sọjí. Ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ dé ọwọ́ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, Callie House, alágbàfọ̀ kan ní Nashville tí wọ́n bí sóko ẹrú, sì di ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ tí ó ń béèrè owó náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀tọ́. Ìjọba kò san án. Ní 1917, wọ́n dá House lẹ́bi pé ó fi ìwé ìfìwéránṣẹ́ lu jìbìtì, wọ́n sì rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún kan.

Nígbà tí ọ̀rúndún náà ń parí lọ, ìkórìíra wọ aṣọ ìṣirò. Frederick Hoffman, tí ó ń ṣiṣẹ́ fún iléeṣẹ́ adójútòfò, tẹ ìwé ní 1896 tí ó kún fún nọ́ńbà, tí ó sì parí ọ̀rọ̀ sí pé adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ń kú tán nítorí àbùdá ẹ̀yà rẹ̀, kì í ṣe nítorí ilé tí ó ń gbé tàbí omi tí ó ń mu. Ọ̀rọ̀ ajé ni èyí náà: irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ fún àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò ní àwáwí láti kọ̀ wọ́n. Ní oṣù kẹta 1897, Alexander Crummell pe àwọn ọ̀mọ̀wé adúláwọ̀ jọ ní Washington, wọ́n dá American Negro Academy sílẹ̀, ìwé pẹlẹbẹ àkọ́kọ́ tí wọ́n sì tẹ̀ jẹ́ èsì Kelly Miller, ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò ní Howard University, sí Hoffman. Miller kò bínú nínú rẹ̀. Ó mú nọ́ńbà Hoffman ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó yẹ̀ wọ́n wò, ó sì fi hàn pé ipò tí àwọn ènìyàn wà ni ó ń pa wọ́n. Ìkànìyàn 1890 ka nǹkan bí mílíọ̀nù méje àti ààbọ̀ adúláwọ̀ ní Amẹ́ríkà. Ti 1900 ka ohun tí ó lé ní mílíọ̀nù 8.8. Ẹ̀yà tí wọ́n ní ó ń kú tán ni ó pọ̀ sí i bẹ́ẹ̀. Nígbà tí yóò sì fi di 1910, àwọn tí òǹkọ̀wé yín pè ní ọ̀lẹ, pẹ̀lú gbogbo ohun tí mo ti kà sílẹ̀ yìí, ti fi owó ara wọn ra nǹkan bí mílíọ̀nù 15 éékà ilẹ̀.

Pé a ṣì lè ka púpọ̀ nínú àwọn ìwé wọ̀nyí lónìí, ọpẹ́ yẹ Daniel Murray, ọmọ adúláwọ̀ tí ó di igbákejì olùtọ́jú ìwé ní Library of Congress ní 1881. Bébà tí kò nípọn kì í pẹ́ sọnù, àwọn ẹlòmíràn kò sì kà á sí. Murray ń kó wọn jọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ fún ilé ìkàwé náà nígbà tí ó kú ní 1925. Ìwé pẹlẹbẹ 351 ni ó wà nínú àkójọ tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ẹnikẹ́ni sì lè kà wọ́n lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsan owó.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Mo ń fẹ́ kí ẹ tún gbólóhùn yẹn ṣe nínú ìwé ìròyìn yín, kí ẹ sọ pé ìjọba fi ilẹ̀ náà lé wọn lọ́wọ́ fún oṣù díẹ̀, ó sì gbà á padà, àti pé àwọn olùdarí báǹkì ni wọ́n ba báǹkì jẹ́. Èkejì, mo ti túmọ̀ ìbéèrè àti ìdáhùn ìpàdé Savannah sí èdè Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò lè gbà ju ojú ewé kan lọ nínú ìwé ìròyìn yín. Mo fi í sínú àpò ìwé yìí pẹ̀lú lẹ́tà mi, n kò sì béèrè owó kankan lórí rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ẹni tí ó ti ka àpilẹ̀kọ yẹn rí ohun tí Garrison Frazier sọ, ní èdè tí òun náà ń sọ nílé.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Olùkọ́ ìtàn tí ó ti fẹ̀yìn tì